Ẹrù Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ọdún méjìlélógún ni Des Mulcahy fi dúró sẹ́nu ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ aṣọ́nà kò le, kó wá ṣe é fún ọdún méjìlélógún láìgbàgbé ohunkóhun. Ẹnu ọ̀nà tí mò ń wí yìí kì í ṣe géètì tí ọkọ̀ ń gbà wọlé o. Yàrá kótópó kan ni, láàárín yàrá ńlá méjì, ní ilé-iṣẹ́ omi tó wà ní apá òkè Port Augusta, níbi tí ilẹ̀ ti pupa, tí eṣinṣin sì máa ń bá èèyàn mu tíì nínú ife kan náà. Yàrá apá òsì ni wọ́n ń pè ní Ìta. Àwọn kọ̀ǹpútà ibẹ̀ rí íńtánẹ́ẹ̀tì lò bíi ti gbogbo ayé. Yàrá apá ọ̀tún ni Inú. Kọ̀ǹpútà Inú kò mọ ohun tó ń jẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé àwọn ló ń darí ẹ̀rọ tó ń fa omi la aginjù já lọ sí ìlú mẹ́rin, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí aláìníṣẹ́ kan jókòó sí òkèèrè kó máa ti omi wa pa bó ṣe wù ú.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ ètò fún ẹ̀rọ kì í dá gbogbo rẹ̀ kọ. Iṣẹ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ń yá lò. Ẹnìkan ní Japan ti kọ èyí tó ń ṣe ìṣirò, ẹnìkan ní Norway ti kọ èyí tó ń ya àwòrán, àwọn náà á mú un, wọ́n á fi kún tiwọn. Ẹrù ni a ń pe irú iṣẹ́ àyálò bẹ́ẹ̀ níbí. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ẹrù kì í dá rìn. Pe ẹyọ kan, á kó ogún ìbátan rẹ̀ lẹ́yìn. Níbi tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá wà, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á sáré kó gbogbo wọn wá kí o tó pajú dé. Ní Inú, ẹrù tí èèyàn kò bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé wọlé kò sí níbẹ̀, ó parí.

Nítorí náà, gbogbo Ọjọ́rú ni ọjọ́ ẹrù. Àwọn òṣìṣẹ́ á kó ohun tí wọ́n nílò sórí dísìkì, wọ́n á tò sẹ́nu ọ̀nà Des. Des á fi ẹ̀rọ mẹ́ta yẹ ẹrù wò bóyá nǹkan burúkú fara pamọ́ sínú rẹ̀. Á wá ṣí ìwé ńlá rẹ̀, ìwé gidi tí a fi kálámù kọ, á wo orúkọ ẹrù, ibi tó ti wá, ẹni tó kọ ọ́, àti ìdí tí a fi fẹ́ ẹ. Ẹni tó gbé e wá á fọwọ́ sí i, òun náà á fọwọ́ sí i, ẹrù á wọlé. Ohun tó bá sì ti wọ Inú kò gbọdọ̀ jáde mọ́ láéláé.

Kerryn Pfitzner ni yóò gba ipò Des. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, obìnrin gíga tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó sì máa ń bínú sí kọ̀ǹpútà bí ẹni pé ó gbọ́. Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ni Des rí i níbi tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ilé-ìkàwé ìlú ṣe, tó ní kó wá gbìyànjú iṣẹ́ gidi wò. Gbogbo ohun tó mọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ọwọ́ Des ló ti kọ́ ọ. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni Des yóò fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti ra sọ́séèjì tí wọn yóò sun lágbàlá láti fi dágbére fún un. Lẹ́yìn náà, yóò máa lọ sí Adelaide lóṣooṣù láti kọ́ àwọn aṣọ́nà tuntun níṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ wà ní Perth, orúnkún rẹ̀ kò sì jẹ́ kó lè pẹja mọ́. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn ni ohun kan ṣoṣo tó ń retí.

Ọ̀gá wọn, Nirmala Wijeratne, kì í fi nǹkan falẹ̀. Ó ní kí Kerryn tó gba kọ́kọ́rọ́, ó gbọ́dọ̀ nu kọ̀ǹpútà kan ní Inú nù pátápátá, kó kọ́ ètò ẹ̀rọ omi látòfo bí ẹni ń kọ́lé, kó má lo nǹkan kan àyàfi ẹrù tó wà nínú ìwé. Bó bá kọ́ ọ yanjú, á fọwọ́ sí i pé gbogbo ohun tó wà ní Inú ni a mọ orírun rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ọrùn Kerryn ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ọjọ́ Ajé ló bẹ̀rẹ̀. Ó to ọ̀ọ́dúnrún ẹrù àti mẹ́rìnlá mọ́ra láìsí ìyọnu. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ dúró gbọnrangandan, ó ní òun ń wá ẹrù kan tó ń jẹ́ Mopoke, òun kò rí i.

Kerryn ṣí ìwé Des. Ó wò ó láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kò sí Mopoke. Ó lọ wo àká, níbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí fún gbogbo kọ̀ǹpútà Inú. Mopoke wà níbẹ̀, ó rọra jókòó sáàárín àwọn tó ní ìwé. Ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Ṣẹẹrẹ, ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ló wọlé. Orúkọ ẹni tó fi síbẹ̀ ni Mulcahy.

Kerryn bá Des lórí àga gbọọrọ tó wà lábẹ́ òjìji ilé, níbi tó ti ń jẹ pásítì, àkàrà tí wọ́n fi ẹran sínú rẹ̀.

“Des, kí ni Mopoke?”

Des jẹ pásítì rẹ̀ tán kó tó dáhùn, ó sì nu ọbẹ̀ tòmátò kúrò ní irùngbọ̀n.

“Òwìwí ni. Ọ̀kan máa ń ké lẹ́yìn ilé mi. Kì í jẹ́ n sùn.”

“Má fi mí ṣeré o. Mo nu ẹ̀rọ, mo bẹ̀rẹ̀ látòfo, ó ní òun ń wá Mopoke. Mo wo ìwé, kò sí. Mo wo àká, ó wà. Ọjọ́ Àìkú ló wọlé, orúkọ ẹ ló sì wà lára ẹ̀. Ta ló ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú?”

“Ẹni tí ò níyàwó mọ́.”

“Des!”

“Ó dáa, ó dáa. Fara balẹ̀, jókòó. O ti ń dà bí Nirmala.” Ó yẹ̀ fún un lórí àga. “Aago wa ló fà á. Àwọn tó kọ ẹrù aago tí à ń lò, wọ́n rò pé odindi wákàtí ni gbogbo ayé fi ń yàtọ̀ síra. Ta ló máa sọ fún wọn pé àwọn olórí líle kan wà níbí tó ń fi ìdajì wákàtí tẹ̀lé Sydney? Ọjọ́ Ẹtì la gbé ètò tuntun sórí ẹ̀rọ. Ó ń pẹ́ ìdajì wákàtí kó tó ṣílẹ̀kùn omi, àmọ́ aago mìíràn ló ń tì í, àsìkò tó yẹ gan-an sì ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ṣírò ẹ̀.”

“Wákàtí méjì lójúmọ́ tí omi ò lọ.”

“Coonbah ni ìlú tó wà ní ìparí páìpù. Ilé àwọn arúgbó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, ooru wọ ìwọ̀n márùndínláàádọ́ta, táǹkì wọn sì ti ń dún korokoro. Iná igbó ti dí títì, ẹnikẹ́ni ò lè wakọ̀ lọ fọwọ́ ṣí i. Mo pe ọ̀gá ìgbà yẹn lẹ́ẹ̀mọkànlá. Ó wà lórí omi, ó ń pẹja.”

“Ètò àtijọ́ ńkọ́?”

“A ti nù ún. Torí ẹ̀ la ò ṣe ń nu ètò àtijọ́ mọ́. O ò rò pé a bí mi pẹ̀lú gbogbo òfin tí mo kọ́ ẹ, àbí?” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́ lójú rẹ̀. “Mo wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nílé. Ẹnìkan tó ń pe ara ẹ̀ ní Mopoke ti kọ àtúnṣe ìdajì wákàtí yẹn. Mo fi sínú fílásì, mo ju fílásì sí àpò ṣẹ́ẹ̀tì, mo rìn wọlé. Ta ni yóò yẹ̀ mí wò? Èmi ni olùyẹ̀wò.”

“O ò sì gbé e gba inú ẹ̀rọ mẹ́ta yẹn?”

“Wákàtí mẹ́sàn-án ni wọ́n ń gbà nígbà yẹn.”

“Ó yé mi. Tọjọ́ Àìkú yé mi. Lọ́jọ́ Ajé ńkọ́? Kí ló ṣe tó ò kọ ọ́ sínú ìwé lọ́jọ́ Ajé?”

Des ń ká bébà pásítì rẹ̀ sí wẹ́wẹ́.

“Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá dé. Ó gbọ́ pé omi ti dé Coonbah, ó gbá mi lẹ́yìn, ó ra bíà fún mi. Mo ní màá sọ fún un lọ́la. Ọ̀la ọ̀hún ló dọdún mẹ́sàn-án yìí.”

Àwọn àgbà wa sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Wọn kò sọ ohun tó yẹ kí èèyàn ṣe tó bá jẹ́ pé orí ẹni tó fẹ́ràn ni òtítọ́ ọ̀hún fẹ́ já lé. Òfin ibi iṣẹ́ yìí kò rú ẹnikẹ́ni lójú. Ẹni tó bá gbé ohun tí a kò yẹ̀ wò wọ Inú, wọn yóò gba káàdì rẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọn yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ní irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Kò ní sí sọ́séèjì, kò ní sí Adelaide.

“Ẹni tó ń jẹ́ Mopoke yẹn, ta ni?” Kerryn bi í.

“Mi ò mọ̀. Ojú ìwé ẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ti kú. Mo ti wá a títí.”

“Ẹni tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ló ti ń ṣí omi fún ìlú mẹ́rin látọdún mẹ́sàn-án?”

“Kerryn, Ọjọ́ Ẹtì ni mò ń lọ. Ọjọ́ mẹ́rin péré.” Des yíjú sí àwọn ẹyẹ galah tó to sórí wáyà. “Ìwọ náà lè kọ ọ́. Kọ tìẹ, gbé e wá lọ́jọ́rú, ká yọ òwìwí yẹn dànù. Kọ ohun tó bá wù ẹ́ síbi ìdí. Mo bẹ̀ ẹ́.”

Láti ọdún mẹ́jọ, Kerryn kò gbọ́ kí Des bẹ ẹnikẹ́ni rí. Ó dìde, ó padà sídìí iṣẹ́.

Ó wọ Inú, ó jókòó ti Mopoke. Ìlà ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá ni. Ó kà á ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó ń wá èṣù nínú rẹ̀. Kò sí èṣù kankan. Iṣẹ́ ẹnìkan tí aago wa ti sú ni, tó jókòó, tó sì tún un ṣe dáadáa. Ìyẹn gan-an tún wá bí Kerryn nínú ju bí ì bá ti rí lọ ká ní ó rí nǹkan burúkú. Bó bá rí nǹkan burúkú ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti yanjú fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó jókòó sí Ìta, ó kọ tirẹ̀. Kò ṣe àdàkọ ìlà kankan nínú ti Mopoke. Ìlà mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni tirẹ̀, ó dán an wò pẹ̀lú gbogbo ìdajì wákàtí tó lè ronú kàn, ti India, ti Tehran, títí dé erékùṣù kékeré kan tó ń yí aago rẹ̀ ní ìdajì wákàtí lọ́dọọdún. Ó ṣiṣẹ́. Ó wá mú ìwé ẹrù. Ibi tó ti wá: ọwọ́ mi. Ẹni tó kọ ọ́: Kerryn Pfitzner. Nígbà tó dé ibi ìdí, ó dúró. Tíì rẹ̀ tutù, ó da á nù, ó po òmíràn, ìyẹn náà tún tutù. Ní ìgbẹ̀yìn, ó kọ ọ́ pé: “Kí aago lè péye sí i.” Ó fọwọ́ sí i kó má baà yí èrò padà. Inú rẹ̀ kò dùn, ojú sì ń tì í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà.

Ọjọ́rú dé. Èèyàn mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀. Des ń bá wọn ṣeré bó ṣe máa ń ṣe. Ó bi ọ̀kan nínú wọn bóyá ó ń kó kúrò nílé ni, pẹ̀lú gbogbo ẹrù tó gbé wá yìí. Nígbà tó kan Kerryn, Des gba dísìkì lọ́wọ́ rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀. Ẹ̀rọ kìíní yẹ ẹrù wò, ó ní kò sí nǹkan. Ẹ̀rọ kejì, ẹ̀kẹta, bákan náà. Des wá fa ìwé sọ́dọ̀, ó kà á láti òkè wá sísàlẹ̀, ìka rẹ̀ ń tẹ̀lé ìlà bíi ti ọmọ iléèwé. Ó dé ibi ìdí. Ìka náà dúró.

“‘Kí aago lè péye sí i,’” ló kà jáde.

“Ìwọ lo ní kí n kọ ohun tó bá wù mí.”

“Èmi ni mo ní bẹ́ẹ̀.” Ó tún un kà, lọ́kàn rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. “Ọwọ́ ẹ dáa. Ọwọ́ tèmi ò dáa tó báyìí rí.”

“Des, fọwọ́ sí i jàre. Èèyàn wà lẹ́yìn.”

Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn. Òun ló kẹ́yìn.

Des mú rúlà, ó mú kálámù pupa, ó fa ìlà kan gbọọrọ sórí ohun tí Kerryn kọ. Sábẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé pẹ̀lú ọwọ́ wúruwùru rẹ̀ tí gbogbo ilé-iṣẹ́ fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Kerryn ń ka ọ̀rọ̀ náà láti òdìkejì tábìlì bó ṣe ń jáde: “Láti fi rọ́pò ẹrù Mopoke, tí èmi, Desmond Mulcahy, gbé wọlé láìyẹ̀ ẹ́ wò, tí mi ò sì kọ sílẹ̀.” Ó kọ ọjọ́ Àìkú ọ̀hún, oṣù àti ọdún rẹ̀. Kò wo ibikíbi kó tó rántí rẹ̀.

“Kí lò ń ṣe?” Kerryn bi í. “Ọjọ́ méjì ló kù!”

“Mo mọ̀.”

“O bẹ̀ mí! Ìwọ lo bẹ̀ mí o! Mo jókòó odindi ọjọ́ kan, mo kọ irọ́ nítorí ẹ, o wá ń...”

“Ohun tí mo rí náà nìyẹn.” Des yí ìwé náà sí i, ó sì ti kálámù síwájú rẹ̀. “Ìwé àkọ́kọ́ tí orúkọ ẹ yóò wà lára ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aṣọ́nà, irọ́ ló wà nínú ẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi sọ fún ara mi pé èmi nìkan lohun tí mo ṣe pa lára. Wàyí o, fọwọ́ sí àtúnṣe.”

Òfin kan wà níbẹ̀ tí Des fúnra rẹ̀ kọ́ Kerryn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Aṣọ́nà kò lè dá yí ohun tó wà nínú ìwé padà. Bó bá pa nǹkan rẹ́, ẹni tó gbé ẹrù wá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àtúnṣe kò múlẹ̀, ohun àkọ́kọ́ ló dúró. Bí Kerryn bá fi kálámù yẹn sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, “kí aago lè péye sí i” ni ìwé náà yóò máa wí títí láé. Sọ́séèjì yóò jiná lọ́jọ́ Ẹtì, Des yóò lọ sí Adelaide.

“Mi ò fọwọ́ sí i,” ló wí.

“Ó dáa. Mo lè jókòó.”

Wọ́n jókòó. Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn. Ẹnìkan kọjá ní Ìta, ó ń súfèé. Kerryn wo Des, ó wo orúnkún tí kò ṣeé ká, ó wo irun funfun etí rẹ̀, inú sì bí i sí i gan-an, ó bí i débi pé ó fẹ́ gbé ìwé náà sọ lu ògiri. Ó bínú sí Des pé ó gbé fílásì yẹn wọlé. Ó tún bínú sí i pé ó ń jẹ́wọ́. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ó bínú pé bó bá jẹ́ òun ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú yẹn, tí omi ń tán nílé àwọn arúgbó, òun náà ì bá gbé e.

“Àwọn arúgbó yẹn,” ló wí nígbẹ̀yìn, “ǹjẹ́ ẹnì kankan kú nínú wọn?”

“Rárá o. Ọ̀kan kọ lẹ́tà wá pé omi yẹn ń rùn bí irin.”

Kerryn fẹ́ rẹ́rìn-ín, omijé ló jáde. Ó mú kálámù, ó fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà pupa náà. Ọwọ́ rẹ̀ kò dáa tó ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Des fúnra rẹ̀ ló pe Nirmala lórí fóònù. Nirmala dé, ó ka ojú ewé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bọ́ ìgò ojú rẹ̀.

“Des, o mọ̀ pé mi ò lè ṣe bíi pé mi ò ka nǹkan yìí.”

“Torí kẹ́nìkan lè kà á ni mo ṣe kọ ọ́.”

“O ò lè dúró dọjọ́ Ẹtì kó o tó jẹ́wọ́ báyìí?”

“Ọ̀gá, mo ti dúró jù.”

Ó bọ́ káàdì rẹ̀ lọ́rùn, ó gbé e sórí ìwé. Nirmala bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ọwọ́ méjèèjì ló fi di tirẹ̀ mú, ó sì mú un jáde gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Ó padà wá, ó jókòó sórí àga Des, òun ló sì fọwọ́ sí ẹrù náà níbi tí aṣọ́nà ń fọwọ́ sí. Ìròyìn ti gba ilé-iṣẹ́ kan kó tó di aago kan ọ̀sán. Obìnrin kan tó ń bójú tó àwọn páìpù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo Kerryn láti òkè délẹ̀, ó ní, “Ọjọ́ méjì, ọmọbìnrin yìí. O ò lè fún un ní ọjọ́ méjì?” Kerryn mú dísìkì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa gbà bẹ́ẹ̀ pé òun ló tú àṣírí náà, kò sì sí bó ṣe lè wí tí kò ní dà bí àwíjàre.

Ó gbé ẹrù rẹ̀ wọ Inú. Ó pa Mopoke rẹ́ kúrò nínú àká, ó tún kọ̀ǹpútà nù, ó sì bẹ̀rẹ̀ látòfo. Wákàtí méjì àti àádọ́ta ìṣẹ́jú ni kíkọ́ náà gbà. Ó jókòó tì í láìjẹun, ó ń wo ìlà bó ṣe ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan: ọ̀ọ́dúnrún, ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́rìnlá, ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èyí yẹn ni tirẹ̀. Ẹ̀rọ gbà á, ó kọjá, kò tilẹ̀ dúró mí. Nígbà tó kọ́ gbogbo rẹ̀ tán, kò béèrè ohunkóhun mọ́.

Kerryn yíjú sẹ́yìn láti sọ fún Des. Ọdún mẹ́jọ ló ti ń yíjú sẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ó jáde sí gbàgede láti gba atẹ́gùn, oòrùn sì gbá a lójú. Ọkọ̀ Des ṣì wà níbẹ̀, lábẹ́ igi kan ṣoṣo tó wà lágbàlá, gbogbo fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Des jókòó nínú rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti tutù fún òógùn. Láti agogo méjìlá ló ti wà níbẹ̀, nínú ooru tó fẹ́ẹ̀ bó awọ ara.

“Kí lò ń ṣe níbí?” Kerryn bi í. “O fẹ́ kú ni?”

“Ṣé ó kọ́?”

“Ó kọ́.”

“Láìku ẹyọ kan?”

“Láìku ẹyọ kan, Des.”

Des mi orí pé ó dáa. Ó fọwọ́ nu ojú, ó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ náà wúkọ́ díẹ̀ kó tó dáhùn.

“Wọlé lọ,” ló wí. “Wọ́n fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ láìsí aṣọ́nà.”